Ọ̀rọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Pa

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, torí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò fẹ́ràn kí èèyàn máa dìde nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́. Gu Zhenbang lorúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá Ọ́fíìsì Ayélujára ní Hongping, ìlú wa, níbi tí òkè pọ̀ ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, tí ọsàn sì pọ̀ ju èèyàn lọ. Kò ga rárá. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbé àgbọ̀n sókè tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ihò imú rẹ̀ ni àwa ará ìlú mọ̀ jù nínú ojú rẹ̀. Bó bá ń rìn bọ̀, akọ̀wé rẹ̀, Pei Dong, á wà lẹ́yìn rẹ̀, á gbé ife tíì lọ́wọ́ ọ̀tún, á gbé ìwé lọ́wọ́ òsì, á sì máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Ọ̀gá Gu ò tíì sọ̀rọ̀ o. Pei kàn ti ń gbà sílẹ̀ pé òótọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé Ọ̀gá Gu dé ipò, wáyà ayélujára méjì ló wọ Hongping. Ọ̀kan gba ìhà gúúsù, ọ̀kan gba ìhà ìlà-oòrùn. Bí ọ̀kan bá já, èkejì á gbé wa. Ọ̀gá Gu wo àwòrán ilẹ̀ náà nínú ìpàdé, inú bí i.

"Ilé kan, ilẹ̀kùn méjì?" ló wí. "Ta ló ń lo ìkejì? Olè ni! Láti òní lọ, gbogbo ohun tó bá máa wọ Hongping, ì báà ṣe fọ́tò, ì báà ṣe ìpè, ì báà ṣe ìkíni ọjọ́ ìbí, abẹ́ ọ́fíìsì mi ni yóò gbà. Ilẹ̀kùn kan! Kọ́kọ́rọ́ kan! Ọ̀gá kan!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Pei ló mú aago dání, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dáwọ́ dúró.

Obìnrin kan ló nawọ́ sókè. Miao Lan ni, ẹnjiníà tó ti ń tọ́jú ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa láti ọdún mọ́kàndínlógún, tí kò sì lẹ́bùn ìpọ́nni kankan.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wáyà kan ò lè gbé gbogbo ìlú," ó ní. "Ó máa há. Ohun tá a bá sọ níbí, á pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde lápá kejì."

"Miao, ṣé wáyà ló há ni, àbí ọkàn rẹ?"

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe kọ́ Ẹnu-Ọ̀nà Ìṣọ̀kan nìyẹn. Yàrá kan ni lábẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀kùn irin ló ní, ó ní ẹ̀rọ iná tirẹ̀, àtàǹpàkò Ọ̀gá Gu nìkan ló sì lè ṣí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Ọ̀gá Gu gé rìbọ́ọ̀nù pupa, ó wo fọ́tò, ó ní àgbọ̀n òun ò hàn tó. Wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló gé e kí àgbọ̀n tó hàn.

Nígbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Ajé ló máa ń bá ìlú sọ̀rọ̀ lórí ayélujára. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí Pei ka iye àwọn tó ń wò ó. Wọ́n jẹ́ mọ́kànlélógójì. Méjìdínlógójì jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, ó di dandan fún wọn. Méjì jẹ́ fóònù Pei, tọ̀tún tòsì. Ẹnì kan tó kù kọ̀wé sísàlẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa jáde níbí?"

"Mọ́kànlélógójì," ni Ọ̀gá Gu wí. Ẹ má fi ṣẹ̀sín o, ó dùn ún dénú egungun. "Nínú gbogbo ìlú yìí! Kí ni àwọn yòókù ń wò?"

Pei wo bàtà rẹ̀. "Wọ́n... wọ́n ń wo Ìyá Qiao ni, Ọ̀gá."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá àgbà kan tó ń ta ọsàn ni, Ọ̀gá. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó máa ń so fóònù mọ́ àkàbà nínú oko, á máa bó ọsàn, á sì máa bú àwọn tó ń wò ó."

"Ó ń bú wọn?"

"Ó ń bú wọn, Ọ̀gá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin èèyàn, láti Shanghai títí dé Harbin. Wọ́n máa ń ra ọsàn kún ọsàn kó lè bú wọn sí i."

Ọ̀gá Gu dákẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kò sóhun tó burú tó ìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta, òfin tuntun jáde. Bí Ọ̀gá Gu bá ti ń sọ̀rọ̀, gbogbo nǹkan mìíràn tó wà lórí ayélujára Hongping gbọ́dọ̀ dúró. Gbogbo fóònù, gbogbo tẹlifíṣọ̀n, gbogbo gbohùngbohùn orí òpó lábúlé, ohùn rẹ̀ ni yóò máa ti inú wọn jáde fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dín in kù. Ìpè kankan ò sì ní wọlé, kí olófòófó kan má bàa pe èkejì kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá.

Miao Lan ka òfin náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀gá, mi ò rí ibi tẹ́ ẹ ti sọ bá a ṣe máa pa á."

"Kí la fẹ́ pa?"

"Ọ̀rọ̀ yín."

Pei gbé ife tíì mọ́ àyà.

"Mo ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni, Ọ̀gá. Kí bọ́tìnì kan wà téèyàn lè tẹ̀."

"Ẹni tó bá tẹ irú bọ́tìnì yẹn, orúkọ wo la fẹ́ pè é?" Ọ̀gá Gu fa báírò pupa yọ, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ Ọ̀gá kò ní parí àfi tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí Ìwé Ìparí, tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ọ́fíìsì mọ́ ọn.

"Ẹ bá mi fọwọ́ sí i níbí, Ọ̀gá," ni Miao Lan wí, ó na bébà kan sí i, "pé mo bi yín."

Ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìdùnnú. Ọ̀gá Gu fẹ́ràn láti máa fọwọ́ sí nǹkan.

Oṣù kọkànlá dé, ọsàn pọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré la fi ń tà á ní Hongping. Ohun tó bá kọjá ìyẹn, ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ín. Àkókò yẹn gan-an ni Ọ̀gá Gu kéde Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọlọ́jọ́ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí Ìmọ́tótó Ayélujára, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Ó ní ohun mẹ́ta lòun fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ kẹrin, a ṣì wà lórí ohun kìíní.

Láàárọ̀ làwọn oníbàárà máa ń wo àwọn ọlọ́sàn. Ìyá Qiao á gbé ọsàn kan sókè, á la ẹnu kó bú ẹnì kan ní Shanghai, ihò imú Ọ̀gá Gu á yọ lójú fóònù rẹ̀: "Ẹ̀yin ènìyàn mi..."

"Ta ni ènìyàn rẹ?" ni Ìyá Qiao á wí. Ṣùgbọ́n ajá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó wá sí ọ́fíìsì. Kó tó di pé wọ́n lé e, ó ti débi tábìlì Ọ̀gá Gu.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mú ọsàn wá. Ẹ má jẹ ẹ́ o, ó ti rà. Mo ní kẹ́ ẹ kàn gbóòórùn rẹ̀ ni."

Pei fi ìwé bo imú.

"Ìyá," ni Ọ̀gá Gu wí, àgbọ̀n rẹ̀ ń wo àjà, "ẹ gbọ́ mi yé. Ikùn lọsàn wà fún. Orí lọ̀rọ̀ mi wà fún. Èwo ló ga jù lára yín?"

"Irun ló ga jù, Ọ̀gá. Mi ò sì tíì rí ẹni tó ti ibẹ̀ yó."

"Ẹ ò lóye ni."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà yọ̀ǹda wákàtí kan fún wa láàárọ̀. Ilé mẹ́tàléláàádọ́ta la jẹ́ lábúlé wa, ọsàn yìí nìkan la ní. Bó bá rà tán, kí la fẹ́ fi wọ ọdún tuntun?"

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ mi wọ̀ ọ́."

Pei sáré kọ ìyẹn sílẹ̀, ó ní irú gbólóhùn báyìí kò gbọdọ̀ sọnù. Ìyá Qiao fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ọ́fíìsì kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí olú ìlú ìpínlẹ̀: wọ́n ti ta gbogbo ọsàn Hongping tán, àwọn àgbẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ọjọ́ kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà.

Inú olú ìlú dùn. Akọ̀wé Àgbà ìpínlẹ̀, Ọ̀gá Yan Boru, ní òun àti ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ ìjọba yóò jókòó sí gbọ̀ngàn wọn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn. Ọ̀gá Gu ò sùn fún ọjọ́ méjì. Ó ní kí wọ́n so gbọ̀ngàn náà mọ́ Ẹnu-Ọ̀nà Ìṣọ̀kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe so ilé wa mọ́ ọn. Ó ra máìkì kékeré aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ń há mọ́ àyà, ó sì rí i pé ó ń dán bí àmì ẹ̀yẹ. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u kúrò lára òun.

Ilé àlejò ìjọba tó wà lórí òkè ló ti sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ fún wákàtí mẹ́rin. Ó yin Ọ̀gá Yan títí ó fi wá kù díẹ̀ kó ní Ọ̀gá Yan ló ń mú kí odò ṣàn. Nígbà tó parí, Pei gbé Ìwé Ìparí àti òǹtẹ̀ wá.

"Lẹ́yìn oúnjẹ," ni Ọ̀gá Gu wí. "Orí ẹja ń tutù."

Wọ́n wọ yàrá ìjẹun. Máìkì wà láyà rẹ̀. Ó ń dán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ ohun tó kàn, ẹ ní sùúrù. Ní Hongping, ìdajì wa ti fẹ́ sùn nígbà yẹn. Onígbàjámọ̀ ń fá orí oníbàárà kan, ẹni tó ń ta núdùlù ń nu tábìlì, Ìyá Qiao jókòó sórí òkìtì ọsàn tó ti ń yọ omi. Ìgbà náà la gbọ́ ohùn kan tí a ò gbọ́ rí, ohùn ẹni tó ń jẹun.

"Pei, o rí Yan yẹn?" ni ohùn náà wí. "O rí irun orí rẹ̀? Dúdú kirimú bíi bàtà tuntun! Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Tí òjò bá pa á, aró rẹ̀ máa kun ọrùn fún un ni."

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ kúrò lórí oníbàárà rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ rọra," ni ohùn Pei wí.

"Ta ló ń gbọ́ wa? Kò lè ka ìwé méjì láìsùn. Ìròyìn ọsàn tó ń fi yangàn káàkiri ńkọ́? Ìka méjì lo fi tẹ̀ ẹ́, Pei! Ọsàn ò tà! Ó ń rà lóko! Ṣé Yan máa wá jẹ ẹ́ wò ni? Àwọn ará Hongping ńkọ́? Bí mo bá ní ọ́fíìsì mi ló ń pín ìmọ́lẹ̀ òṣùpá, wọ́n á tò wá fọwọ́ sí i."

Níbi tí wọ́n ti ń ta núdùlù, ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́!" ni bàbá àgbàlagbà kan pariwo. Láti ìgbà tí Ọ̀gá Gu ti dé ipò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa ní kí wọ́n dákẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní gbọ̀ngàn olú ìlú, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ń wo bàtà wọn. Wọn ò lè dìde ṣáájú Ọ̀gá Yan. Ọ̀gá Yan náà ò lè dìde, torí tó bá dìde, a jẹ́ pé ó gbà pé orí òun ni wọ́n ń bá wí. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra díẹ̀díẹ̀ lọ sí irun, ó rántí, ó gbé e padà sílẹ̀.

Ọtí ti wọ Ọ̀gá Gu lára nígbà yẹn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Bàbá mi ta wàrà sóyà, Pei, o mọ̀? Á kiri láàárọ̀ kùtù. Á ní, 'Wàrà rè é o!' Àwọn obìnrin á dá a lóhùn láti inú ilé. Gbogbo àdúgbò. Kò ní wáyà kankan. Èmi, bí mi ò bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ta ló máa dá mi lóhùn? Mọ́kànlélógójì. Ẹ̀rù ń bà mí, Pei. Pei? Níbo ni Pei lọ?"

Pei ti jáde lọ mu sìgá. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ lórí òpó. Ó dúró, ó fetí sílẹ̀, sìgá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò padà wọlé. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ sí ibùdókọ̀, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sì wà nínú àpò rẹ̀.

Ohun tó tún jáde lẹ́yìn ìyẹn ni ìhanrun. Kì í ṣe ìhanrun kékeré o. Ó ń dún lórí gbogbo òkè, láti abúlé dé abúlé, àwọn ajá ń dá a lóhùn.

Miao Lan ò jókòó ní tirẹ̀. Ó ti pe Ọ̀gá Gu, ìpè ò wọlé. Ó pe Pei, ìpè ò wọlé. Ó lọ sí Ẹnu-Ọ̀nà Ìṣọ̀kan, ilẹ̀kùn irin ń bi í léèrè àtàǹpàkò. Ó gun alùpùpù oníná rẹ̀ lọ sórí òkè. Bàbá Fan, ẹ̀ṣọ́ ilé àlejò, dá a dúró ní géètì.

"Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ òun lẹ́nu."

"Bàbá Fan, máìkì rẹ̀ ṣí sílẹ̀! Ẹ̀yin náà ò gbọ́ ni?"

Fóònù Bàbá Fan wà lórí àga. Ìhanrun ń ti inú rẹ̀ jáde, àga ń gbọ̀n.

"Mò ń gbọ́," ni Bàbá Fan wí. "Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ń sùn gan-an nìyẹn. Ṣé ẹni tó ń sùn báyìí lo fẹ́ kí n jí?"

"Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ọ!"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí gbogbo ìlú ṣe máa gbọ́ òun. Jókòó, ọmọ mi."

Miao Lan wò ó. Bàbá Fan ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n. Ilẹ̀ oko ọsàn Bàbá Fan náà wà nísàlẹ̀ òkè yẹn. Miao Lan jókòó tì í.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ kọjá kí Ọ̀gá Gu tó jí. Ó jáde wá, ó na ara, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń yán nínú fóònù Bàbá Fan.

"Àh! Ẹ ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi? Ẹ ṣeun," ló wí.

Fóònù dákẹ́ díẹ̀, torí wáyà há. Lẹ́yìn náà ló ní: "Àh! Ẹ ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi? Ẹ ṣeun."

Àgbọ̀n Ọ̀gá Gu sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. "Ta ló ń sín mi jẹ?"

Fóònù dákẹ́. "Ta ló ń sín mi jẹ?"

"Máìkì, Ọ̀gá," ni Miao Lan wí jẹ́jẹ́. "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń jẹ ẹja."

Ó wo àyà rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ìrẹsì. Dípò kó tú máìkì náà dà nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀.

"Ọ̀gá Yan! Ẹ má gbà á gbọ́! Ẹ ò kun irun yín! Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ kùn ún, ó bá yín mu! Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń sùn, ìwé ló máa ń súni! Miao, pa á! Pa á kíá!"

"Ẹ fọwọ́ sí i níbí, Ọ̀gá. Òǹtẹ̀ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Pei. Pei! Pei o!"

"Pei! Pei o!" ni gbogbo òpó Hongping ń pè, abúlé mẹ́rìndínláàádọ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Pei wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ sí gúúsù. Ó gbọ́. Ó fa fìlà bojú.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mọ́tò dúdú mẹ́ta ti olú ìlú wọlé. Wọn ò fi fóònù sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ń bọ̀, fóònù ò ṣáà ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mú Miao Lan lákọ̀ọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó fa bébà tí Ọ̀gá Gu fọwọ́ sí yọ. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n mú Ọ̀gá Gu lọ síbi ilẹ̀kùn irin, wọ́n gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé e, ó ṣí, wọ́n sì pa ẹ̀rọ náà. Ohun ìkẹyìn tó fi ọwọ́ ìjọba ṣe nìyẹn.

Ẹ ó rò pé nítorí ọsàn ni wọ́n ṣe yọ ọ́. Rárá o. Ìwé ìyọnípò náà kò dárúkọ ọsàn, kò dárúkọ irọ́, kò sì dárúkọ irun. Ó ní wọ́n yọ Gu Zhenbang nítorí pé ó fi ohun èlò ìjọba sùn. Ọ̀gá tuntun dé lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀. Kò wó Ẹnu-Ọ̀nà Ìṣọ̀kan. Ó kàn fi bọ́tìnì sí i, ó sì yí àtàǹpàkò padà.

Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí ọ̀gá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó tì. Gbogbo ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló fẹ́ mọ ìlú tí ọ̀gá ti hanrun. Ìyá Qiao gbé fóònù lé àkàbà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó bú wọn títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìdajì ọsàn abúlé ti di ti ẹlẹ́dẹ̀. Ìdajì tó kù tà tán lọ́jọ́ mẹ́fà. Ilé mẹ́tàléláàádọ́ta wọ ọdún tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran inú ìkòkò ò pọ̀. Lọ́jọ́ keje, ìjọba pa gbogbo ibi tí ohùn ìhanrun náà wà lórí ayélujára rẹ́. Téèyàn bá kọ "ìhanrun" báyìí, kì í lọ.

Ọ̀gá Gu wà nílé báyìí. Ìyàwó rẹ̀, Shen Yue, ló ń jáde lọ ra oúnjẹ. Fún ogún ọjọ́, ọkùnrin náà ò sọ ju "ó dáa" lọ. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà ń bó aáyù ní ilé ìdáná, ó ní:

"Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Ọkùnrin náà tẹ orí ba. "Mo mọ̀. Kò ṣeé pa."

"Mo lè jáde lọ sínú oko kí n má gbọ́ ọ tí mo bá fẹ́. Mi ò lọ ni. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí a ti fẹ́ra, mi ò gbọ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ bí èèyàn rí. Ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ̀rù ń bà yín."

Ọkùnrin náà fa àga, ó jókòó tì í, ó mú aáyù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Kò mọ̀ ọ́n bó. Wọ́n bó o títí.

"Irun Ọ̀gá Yan yẹn," ni obìnrin náà wá wí, ẹ̀rín ti ń mú un, "ṣé lóòótọ́ ló ń kùn ún?"

Ọ̀gá Gu dìde. Ó ti fèrèsé. Ó lọ wo ẹnu ọ̀nà, ó ti ìyẹn náà. Ó wá tẹ̀ ba létí ìyàwó rẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ Ẹtì," ló wí.